Àáró Omi ní Òkè-Àgbọ̀n

Gbogbo Òkè-Àgbọ̀n ti jókòó sílẹ̀.

Òfin ìjókòó ni. Bí Etí, ẹ̀rọ tí a fi ń wá omi, bá fẹ́ gbọ́ ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn, kò gbọdọ̀ gúnyán, kò gbọdọ̀ lagi, títí ìyá elétí yóò fi gbé aṣọ pupa ọwọ́ rẹ̀ sókè. Wọ́n ti so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ti pa ẹ̀rọ ìlọta tí ń fi oòrùn ṣiṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ oníbátìrì dúró lójú títì láìmira. Ọ̀sán gangan ni, ìlú tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn sì dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí páànù orí ilé ṣe ń ta nínú oòrùn.

Èmi ni ìyá elétí. Ọwọ́ mi ni ìdákẹ́jẹ́ gbogbo wọn wà, inú mi sì dùn sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ tí Òkè-Àgbọ̀n yóò jókòó sílẹ̀ níwájú mi.

"Múfútàù, jù ú sílẹ̀," mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́.

Múfútàù fa okùn. Òlù irin tó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ já bọ́ láti orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa, ó balẹ̀ sórí àwo irin. Gbì! Ohùn náà wọ ilẹ̀ lọ. Mo ti gún èèkàn mẹ́fà mọ́lẹ̀ yí àwo náà ká. Wáyà wọn wọ inú àpótí tí mo gbé lé itan, láti inú àpótí ni ohùn sì ti ń bọ́ sínú ohun ìgbọ́hùn tí mo fi bo etí. Bí ilẹ̀ bá ṣe rí nínú ni yóò ṣe dá ohùn náà padà. Àpáta gbígbẹ a máa dá a padà kíá, á dún kóó, bí ìgbà tí èèyàn bá kan ìkòkò irin tó ṣófo. Àpáta tó ti sán, tí omi wọ ibi tó ti sán, kì í yára. Á gbé ohùn náà mì ná, kó tó wá dá a padà ní jẹ́jẹ́: hùùn.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé Etí fún mi, gbogbo kànga Ìdí-Ẹmì ni mo ju òlù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó lómi àti èyí tó ti gbẹ, títí mo fi mọ ìyàtọ̀ wọn bí mo ṣe mọ ohùn ọmọ mi láàárín àwọn ọmọ tó ń ṣeré.

Ìyẹn nígbà tí mo ṣì ní ọmọ.

"Kí ló wí?" Múfútàù bi mí. Ará ìlú mi ni, aládùúgbò mi, ẹni ogójì ọdún tí òun àti ẹnu dídì kò bá ara wọn rẹ́.

"Ó gbẹ. Gáréèjì àtijọ́ yìí, àpáta ni dé ìsàlẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká kúrò níbí nígbà náà. Ìdí mi ti jóná."

Níwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin sí wa, bàbá kan jókòó sílẹ̀, òun náà fi ohun ìgbọ́hùn bo etí, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ọ̀jẹ́dìran ni, alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè Òkè-Àgbọ̀n. Òfin ló ní kó wà níbẹ̀: ẹni tó ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìyá elétí gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n etí ọkùnrin náà ti di. Ogún ọdún ló fi wà nídìí Eyín, ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ kànga, kó tó di alága, ariwo Eyín sì ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dáhùn ìkíni.

"Adití ni wọ́n fi ń ṣọ́ elétí," Múfútàù wí, ó ń ká wáyà. "Ìgbìmọ̀ ìlú mẹ́fà yìí mà gbọ́n o."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwa elétí kì í ka àwọn eléyín sí. Lójú tiwa, wọn kò mọ̀ ju kí wọ́n dìrọ̀ mọ́ irin kó máa gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì.

Eyín ọ̀hún wà lábẹ́ igi òdán lẹ́bàá ọjà, irin olórí mẹ́ta tó ń gé òkúta. Àwọn ìlú yòókù ti gbé ẹ̀yà tiwọn wá bá a níbẹ̀. Abà-Ọ̀dàn gbé bátìrì, Olókòtó gbé ọ̀pá, Ìgbó-Ìdẹ gbé apá tí yóò gbé ọ̀pá dúró, ìlú kẹfà gbé ẹ̀rọ tí yóò fa omi. Kò sí ìlú tó ni ẹ̀rọ náà. Ìlú mẹ́fà ló ni ín, ẹ̀yà kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀yà kan kò bá sì sí, irin lásán ni ìyókù. Àwọn bàbá wa ló wo àáró inú oko, lónìí nínú oko tèmi, lọ́la nínú oko tìrẹ, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ti omi. Kó tó di ìgbà náà, ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan kò mọ̀ ju kí wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà lọ́dọọdún, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà sí ìjọba. Ìgbà tí wọ́n da ẹ̀rọ pọ̀ ni tòmátì bẹ̀rẹ̀ sí í so lẹ́ẹ̀rùn, tí àwọn obìnrin rí omi fọ òrí, tí àwọn ọ̀dọ́ tó ti sá lọ sí àgọ́ etíkun bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Lọ́dọọdún, ìlú kan ni àáró máa ń kàn, kànga kan péré ni wọ́n sì ń gbẹ́ fún un.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, Ìdí-Ẹmì ló kàn.

Òkè-Àgbọ̀n ló ti ṣe tiwọn tán ṣáájú wa, ọwọ́ wọn sì ni Eyín máa ń wà. Ọ̀jẹ́dìran ránṣẹ́ sí wa pé Eyín ti kán, pé àwọn ti gbé e lọ sí ìlú ńlá fún àtúnṣe. A dúró. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá la fi dúró, kànga wa ti gbẹ, à ń pọn omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí màlúù ń wọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹjọ ni onígbáméjì wọ̀lú. Ládépọ̀ ọmọ mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Láti àárọ̀ ló ti ń ṣu tó ń bì, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti tán. Àwọn oṣìṣẹ́ ìlera tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Wọ́n fi ọ̀rá dì í, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ìlú, wọ́n kó òun àti àwọn mẹ́tàdínlógún mìíràn sínú ihò kan, wọ́n da ẹfun lé wọn lórí.

Eyín kò kán. Bátìrì, ọ̀pá àti apá ṣì wà lọ́dọ̀ Òkè-Àgbọ̀n láti ìgbà tiwọn, wọ́n sì ń fi wọ́n gbẹ́ kànga kejì fún adágún ẹja wọn ni. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n wá kí wa kú ará fẹ́ra kù, ẹja yíyan ni wọ́n gbé wá. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta.

Ìgbìmọ̀ ìlú mẹ́fà jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ṣòfin pé ìlú tó bá tún purọ́ lórí àáró, àáró tó bá kàn án tẹ̀lé e yóò fò ó dá. Wọ́n ní òfin náà kò lè mú Òkè-Àgbọ̀n, torí wọ́n ti ṣẹ̀ kó tó dé. Wọ́n ní ká jọ dì mọ́ra. Mo dì mọ́ Ọ̀jẹ́dìran lọ́jọ́ náà. Òórùn ẹja wà lára agbádá rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Èèkàn funfun kan wà nínú àpò mi, irú èyí tí ìgbìmọ̀ ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni má baà tún jí Eyín lò. Ibi tí ìyá elétí bá kàn án mọ́, tó sì tẹ àtàǹpàkò lé e lórí, ibẹ̀ ni èèkàn náà yóò sọ fún Eyín, Eyín kò sì ní yí níbòmíràn títí ọdún yóò fi yí po. Kànga méjèèjì tí Òkè-Àgbọ̀n ní ti gbẹ. Ìdí nìyí tí adágún ẹja wọn fi di ilẹ̀ sísán tí àwọn ọmọ ń sá eré lórí rẹ̀. Gáréèjì àtijọ́ ni mo fẹ́ kan èèkàn mọ́. Wọn yóò gbẹ́ àpáta títí ọ̀pá yóò fi tán, ìlú náà yóò sì tú ká. Ta ni yóò bi mí? Ilẹ̀ ni ilẹ̀, ó lè tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ṣùgbọ́n òfin ní kí n gbọ́ ibi mẹ́ta, kó má baà dà bíi pé mo kánjú.

Ẹ̀yìn ilé-ìwé ni ibì kejì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé jókòó lórí ìlà lábẹ́ máńgòrò, ètè wọn ti bó. Ikọ́ ń gbọ̀n ọmọbìnrin kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu pa kó má baà da ìjókòó rú, omi dà lójú rẹ̀. Mo wò ó. Mo wo ibòmíràn. Mi ò ní purọ́ fún yín, àánú rẹ̀ kò yí mi lọ́kàn padà. Ládépọ̀ náà, ọmọ ni.

Gbì, òlù balẹ̀.

Hùùùn.

Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Omi ńlá. Ó pẹ́ kí ohùn náà tó padà, ó sì padà wá rọ̀. Mo mú kí ojú mi le bí igi.

"Èyí ń kọ́?" Múfútàù bi mí.

"Ó dà bí ẹni pé ó gbẹ," mo ní.

Mo bojú wo Ọ̀jẹ́dìran. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Gíláàsì ojú àpótí mi máa ń ya ìlà ibi tí omi bá gbà. Mo tẹ̀lé ìlà náà fún ibì kẹta: ó kúrò lẹ́yìn ilé-ìwé, ó gba abẹ́ ọ̀nà, ó kọrí sí ilé alájà méjì kan. Ọ̀jẹ́dìran fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi, nítorí ilé rẹ̀ ni.

Nínú yàrá iwájú, ojú oórì ìyá rẹ̀ wà, wọ́n fi táìsì funfun tẹ́ ẹ, fọ́tò ìyá náà sì wà lórí rẹ̀. Nínú ìlú tí wọ́n ti ń wọn omi fún ọmọ, ife omi kan wà níwájú fọ́tò náà. Ó kún.

Mo dúró lórí ife omi náà títí Múfútàù fi pè mí.

Gbì. Hùùn. Omi wà níbẹ̀. Ó kéré sí ti ilé-ìwé, ṣùgbọ́n yóò to ìlú náà lò.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yí nínú mi. Kí ni mo fẹ́ fi ọmọ tó di ẹnu pa yẹn ṣe? Kì í ṣe òun ló ránṣẹ́ pé Eyín ti kán. Èyí tó ránṣẹ́ nìyí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní ibi tó ti lè máa kí ìyá rẹ̀ ní àràárọ̀. Èmi kò ní ojú oórì kankan. Ẹ̀yìn ìlú ni mo máa ń lọ, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú àwọn méjìdínlógún. Jẹ́ kí ìlú rẹ̀ mu omi. Jẹ́ kí òun hú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó mu ún.

Mo yọ èèkàn funfun. Mo kàn án mọ́ àárín táìsì méjì, mo tẹ àtàǹpàkò lé e. Iná aláwọ̀ ewé tàn lórí rẹ̀, Eyín sì fọhùn lọ́hùn-ún nínú ọjà láti fi hàn pé ó ti gbà. Mo jáde sójú ọ̀nà, mo gbé aṣọ pupa sókè. Gbogbo ìlú dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo sọ.

Ọ̀jẹ́wálé, àbúrò alága, ló kọ́kọ́ sáré wọlé.

"Níbo lo kan èyí mọ́? Ṣé orí rẹ pé?"

"Ibi tí omi wà ni."

"Ìyá wa ló wà níbẹ̀!"

"Omi ló wà lábẹ́ wọn."

"Irọ́ ni! Ẹ̀san ló ń gbà! Ta ni ò mọ̀ pé ẹ̀san ló ń gbà?" Ó fẹnu sí etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀! Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, kí lẹ gbọ́?"

Àwọn èèyàn ti kún ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé. Ọ̀jẹ́dìran yọ ohun ìgbọ́hùn kúrò létí. Ó wo èèkàn náà, ó wò mí. Mo ń retí kó bú, kó dọ̀bálẹ̀, kó wọ́lẹ̀ níwájú wọn. Ohun tí mo ti ń rí lójú àlá fún ọdún márùn-ún nìyẹn.

"Omi wà níbẹ̀," ó ní. "Òtítọ́ ló sọ."

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Bá mi mú dígà wá."

Ọ̀jẹ́wálé mú dígà wá, ó sọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ gbàà, ó sì jáde. Kò sẹ́ni tó tẹ̀lé dígà náà wọlé. Òfin àáró ni pé ẹni tó ni ilẹ̀ ni yóò tún ojú èèkàn ṣe kí ẹ̀rọ tó dé, ìyá elétí yóò sì dúró tì í. Mo fa àpótí ìjókòó kan, mo jókòó. Mo fẹ́ rí gbogbo rẹ̀.

Ó gbé fọ́tò kúrò. Ó gbé ife omi, ó wò yíká, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí, ó gbé e lé ojú fèrèsé. Ó ká táìsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n jọ. Ó fọ́ sìmẹ́ǹtì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń lo dígà: kì í fi agbára gbé e, ó ń jẹ́ kí irin náà fi ìwúwo ara rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí òjìji ògiri fi kan ẹsẹ̀ mi, ó ti wọlẹ̀ dé ìgbáròkó.

"Ti ẹ̀yìn ilé-ìwé pọ̀ ju èyí lọ," ó ní, kò gbójú sókè.

Mo ní, "Kí lẹ wí?"

Kò gbọ́. Àwọn èèyàn wà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè pariwo. Mo ní láti lọ lóṣòó sétí ihò náà, kí n fẹnu sí etí rẹ̀.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní omi ẹ̀yìn ilé-ìwé pọ̀ ju èyí lọ. O gbọ́ ọ, èmi náà mọ̀ ọ́n." Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, iyẹ̀pẹ̀ pupa bò ó. "Etí mi ló di. Bí àpáta bá lómi, ọwọ́ eléyín ló kọ́kọ́ ń mọ̀. Á kàn rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ."

Gbogbo ìgbà tó tẹ́wọ́ sílẹ̀, mo rò pé ẹ̀yìn ń dùn ún. Èmi tí mo fi kànga mẹ́rìnlá kọ́ ara mi níṣẹ́, n kò ronú rí pé nǹkan mìíràn wà lára èèyàn tó lè gbọ́ràn yàtọ̀ sí etí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò ní Ìdí-Ẹmì purọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni àáró kàn yín, yóò fò yín dá. Mo ti fi omi dù yín rí." Ó tutọ́ sọ́wọ́, ó gbá dígà mú. "Mi ò ní ṣe é lẹ́ẹ̀mejì."

"Ṣé ẹ̀bẹ̀ lẹ wá ń bẹ̀ yẹn?"

"Rárá. Bí mo bá bẹ̀ ọ́, wàá ní láti dá mi lóhùn. Mi ò fẹ́ dẹ́rù yẹn lé ọ lórí."

Inú bí mi. Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣètò ọ̀rọ̀ yìí, ọkùnrin náà sì gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ṣíbí. Mo fẹ́ kó jà. Mo fẹ́ kó ké.

"Ẹfun ni wọ́n dà lé ọmọ mi lórí," mo wí sí etí rẹ̀. "Ẹfun. Wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ."

Ó ń gbẹ́ ẹ lọ.

Pátákó pósí náà ti jẹrà nígbà tó kàn án. Ó fi ọwọ́ palẹ̀ yẹ̀pẹ̀ mọ́, kò lo irin mọ́. Aṣọ òfì tí wọ́n fi di ìyá náà ṣì ní àwọ̀ aró láwọn ibì kan, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti kéré gan-an. Ó ki apá méjèèjì bọ abẹ́ rẹ̀ láàárín. Aṣọ náà ya díẹ̀. Ó dá a padà kíá. Ó gbìyànjú láti ẹ̀gbẹ́, aṣọ náà tún ya.

Mo rí ohun tó fà á láti òkè. Aṣọ náà kò ní agbára mọ́ láàárín. Bí ẹnì kan bá gbé e, yóò já sí méjì, egungun yóò sì dà sílẹ̀. Ènìyàn méjì ni yóò gbé e, ọ̀kan níbi orí, ọ̀kan níbi ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

"Ọ̀jẹ́wálé!" ó pe àbúrò rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo wo Múfútàù lẹ́nu ọ̀nà. Ó mi orí. "Ìyá Elétí, ẹ má bínú. Mi ò lè fọwọ́ kan òkú olókùú." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn, àwọn ìyá ń fi ọwọ́ bo ojú ọmọ wọn.

Ọ̀jẹ́dìran dúró nínú ihò, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ náà. Kò lè gbé e, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Aṣọ ṣubú láti orí èjìká rẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, kò mọ̀. Ó gbójú sókè, kì í ṣe èmi ló ń wò, ẹnu ọ̀nà ló ń wò, bóyá ẹnìkan yóò wọlé. Ìgbà náà ni omi yọ lójú rẹ̀.

Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Mo rí i dáadáa, mo sì wò ó títí ó fi tó mi.

Mo bọ́ bàtà. Mo ká ìró mi sókè, mo di ẹnu ihò náà mú, mo sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Mi ò dárí jì í. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mo dárí jì í lọ́jọ́ náà, ẹ ní irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì ti ṣófo láti ọjọ́ ọ̀rá yẹn, n kò sì lè dúró lókè kí n máa wo ìyá kan kó dà sílẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ ìyá náà. Ó fúyẹ́ bí ọmọ.

Ọ̀jẹ́dìran ń wò mí, kò mira. Mo pariwo kó lè gbọ́, gbogbo àwọn tó wà níta náà sì gbọ́ ọ.

"Ẹ gba orí wọn mú. Ìyá yín ni."